Ṣé kí n ti prósẹ́sọ̀ mi dé 5 GHz kí live mi lè máa lọ geere?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ̀wé sí mi láti Kétu, mo ti gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú díẹ̀, ohun tó bi mí rè é:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ra desktop tòkúǹbọ̀ kan ní Kútọnu, Core i5-8600K ló wà nínú ẹ̀, motherboard Z370, RAM 16GB, káàdì GTX 1660. Tí mo bá ń ta géèmù nìkan ó ń lọ dáadáa, àmọ́ tí mo bá ti fi lọ live báyìí, gbogbo ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, àwòrán á dúró á tún fò, àwọn tó ń wò mí á ní àwọn ò rí nǹkan kan. Mo wo fídíò òyìnbó kan tó ti tiẹ̀ dé 5 GHz, ó kàn kọ 50 àti 1.4V sínú BIOS, ó tán. Ṣé kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ abẹ́ páànù ni yàrá mi wà o, kò sí clim níbẹ̀."

Àbúrò mi, mo kí ẹ o, mo kí gbogbo ará ilé Alákétu. O ṣeun tó o mẹ́nu ba páànù yẹn, torí ọ̀pọ̀ tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, wọn ò ní sọ ibi tí kọ̀ǹpútà wọn ń gbé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Má kọ 50 àti 1.4V sínú BIOS, ojú ìṣètò tó máa ń ṣí kí Windows tó tàn yẹn. Kì í ṣe pé mo kórìíra overclock o, èyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ẹ níbí ní Àjàṣẹ́ yìí gan-an, mo ti tì í kọjá ibi tí wọ́n tà á dé, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́. Àmọ́ bó o ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, pé géèmù nìkan ń lọ dáadáa, pé ìgbà tí live bá wọ̀ ọ́ ló ń já, àìsàn yẹn kì í ṣe ti GHz, ìyẹn bí prósẹ́sọ̀ ṣe ń yára tó. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ń dùn ún ká tó fún un lóògùn.

8600K ní core mẹ́fà, ìyẹn òṣìṣẹ́ mẹ́fà nínú prósẹ́sọ̀, thread mẹ́fà, kò ní hyper-threading tó máa ń jẹ́ kí core kan gba iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún 2017 tó jáde, core mẹ́fà tó géèmù, ó tún ṣẹ́ kù. Géèmù tòde òní lè gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán. Nígbà tó o bá wá lọ live, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa mú àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó máa fún wọn bí ìgbà tí wọ́n ń fún gbágùúdá kó tó di gààrí, títí wọ́n á fi kéré tó ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ lè gbé. Fífún yẹn ni encode, ó sì wúwo gan-an. Tó bá jẹ́ x264, ìyẹn encode tí prósẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀ ń ṣe, ni OBS ẹ (ètò tó o fi ń lọ live) ń lò, orí core mẹ́fà kan náà tó ń gbé géèmù ló ń gbé ẹrù kejì yẹn lé. Bí alágbàárù mẹ́fà tó ń já àpò àgbàdo nínú ọkọ̀ ni, tí ọ̀gá wá ní káwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà tún máa ka àpò, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. O lè ní kí wọ́n yára sí i, wọ́n á yára lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ méjì ṣì wà lọ́rùn ẹnì kan. Tí gbogbo core bá ń ṣiṣẹ́, 4.1 GHz ni 8600K máa ń sá tí o ò bá fọwọ́ kàn án, 4.3 yẹn wà fún ìgbà tí core kan ṣoṣo bá ń ṣiṣẹ́. Láti 4.1 sí 5.0, nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 ni, x264 lè jẹ gbogbo ẹ̀ tán kó tún bèèrè òmíì.

Ẹni tó yẹ kó máa ka àpò ti wà nílé tẹ́lẹ̀, ìwọ ni o ò tíì pè é. Nínú GTX 1660 ẹ yẹn, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní NVENC, encode nìkan ni wọ́n dá a fún, kò sí lára ibi tí káàdì fi ń ya géèmù, nítorí náà tó bá ń ṣiṣẹ́ géèmù ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ti 1660 sì jẹ́ èyí tó dáa o, ìran Turing ni, òun àti èyí tó wà nínú àwọn RTX 20 bákan náà ni. Ṣí OBS, wọ Settings, lọ síbi Output, wo ibi Encoder, tó o bá rí x264 níbẹ̀ yí i sí NVENC H.264. Fi Rate Control sí CBR, kí ìwọ̀n data má máa yí padà, fi keyframe sí 2. Tó bá jẹ́ 720p ní 60 lo fẹ́ gbé jáde, bitrate 4500 kbps (ìwọ̀n data tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tó o, tó bá jẹ́ 720p ní 30, 3000 náà tó. Má sáré lọ 1080p torí pé ẹni tó ò ń wò ń ṣe é, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wò ẹ́ orí fóònù ni wọ́n wà, data ni wọ́n sì ń jó. Ìwọ náà ń jó o, 3000 kbps fún wákàtí kan ti kọjá 1.3GB.

Lẹ́yìn ìyẹn, má kàn máa fojú díwọ̀n. OBS ní ibì kan tó ń jẹ́ Stats, ṣí i, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ta géèmù fún ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú live, kó o wá wo ìlà mẹ́ta. Tó bá jẹ́ encoding lag ló ń gòkè, ẹni tó ń fún àwòrán ni iṣẹ́ pọ̀ jù fún, ohun tí mo ṣàlàyé tán yẹn nìyẹn. Tó bá jẹ́ rendering lag, káàdì ẹ ti kún dẹ́nu, géèmù ti gba gbogbo ẹ̀, OBS ò wá ráyè to àwòrán tiẹ̀ jọ, èyí wọ́pọ̀ gan-an, àwọn èèyàn á sì máa bú prósẹ́sọ̀ lórí ohun tí kò mọ̀ nípa ẹ̀. Oògùn ẹ̀ ni kó o dènà FPS, iye àwòrán tí géèmù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nínú géèmù, kó má kọjá 90 tàbí 120, kí káàdì lè rí èémí mí, kó o sì máa fi exécuter en tant qu'administrateur ṣí OBS, torí tó bá ṣí bẹ́ẹ̀ Windows á fún un láyè ṣáájú géèmù níbi káàdì. Tó bá wá jẹ́ dropped frames, àbúrò mi, íntánẹ́ẹ̀tì ni. Bó o gbé prósẹ́sọ̀ yẹn dé 9 GHz, ìlà yẹn ò ní sún. Bitrate ni kó o dín kù, tàbí kó o fa okùn sí router dípò wifi.

Mo mọ ẹnì kan ní Ouando níbí tó ná owó sórí cooler ńlá torí ìlà kẹta yẹn. Ó dùn mí nígbà tó gbé e wá, torí pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló gbà wá láti rí i pé fóònù tó ń fi pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà, orí fèrèsé kejì ló yẹ kó wà.

Ó ku RAM. O ní 16GB, o ò sọ bóyá ẹyọ kan ni tàbí méjì. Wò ó dáadáa, tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ojú ọ̀nà kan ni prósẹ́sọ̀ ẹ ń gbà, 8GB méjì á gbé e yára ju 16GB ẹyọ kan lọ nínú géèmù, pàápàá jù lọ àwọn FPS tó máa ń já lulẹ̀ lójijì yẹn. Tó bá jẹ́ méjì, wo ihò tí wọ́n wà, ìkejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀ ló sábà máa ń tọ̀nà. Kó o wá tẹ Ctrl, Maj àti Échap pa pọ̀, kí Gestionnaire des tâches ṣí, lọ síbi Performance, tẹ Mémoire, ka Vitesse. Tí ara RAM ẹ bá kọ 3200 tí ibẹ̀ sì kọ 2133 tàbí 2400, a jẹ́ pé ẹni tó tà á fún ẹ ò tan XMP, ìṣètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé ibi tí wọ́n kọ sára ẹ̀, mo sì ń rí èyí lára tòkúǹbọ̀ lemọ́lemọ́. XMP kò ju títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan nínú BIOS lọ. Intel fúnra ẹ̀, 2666 ló kọ fún prósẹ́sọ̀ yìí, nítorí náà 3200 gan-an overclock ni lójú òfin wọn, àmọ́ Z370 ń gbé e láìjanpata. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rí i tí XMP nìkan mú géèmù lọ geere tí ẹni tó ni ín ò sì rántí overclock mọ́.

Ó dáa, ká ní o ti ṣe gbogbo ìyẹn, o ṣì fẹ́ fi kún un. Mi ò ní dá ẹ dúró, torí K tó wà lẹ́yìn orúkọ ẹ̀ àti Z tó wà níwájú 370, ohun tí wọ́n túmọ̀ sí ni pé ilẹ̀kùn ṣí. Láyé ijọ́un, overclock tó nǹkan gan-an. Lọ́dún 1998 Intel ta Celeron kan, 300A, 300 MHz ló wà, àwọn èèyàn kàn yí bus ẹ̀ láti 66 sí 100, ó di 450, ìdajì agbára lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí wọ́n ń ṣe báyìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé góńgó kó o tó rà wọ́n, ohun tó kù fún ẹ láti mú ò pọ̀. Tìẹ wà láàárín, ó ṣì ní díẹ̀ níkùn.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ooru. Iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ ń gòkè bí GHz ṣe ń gòkè, ìyẹn ò burú, àmọ́ fóltéèjì, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wọ ìṣirò, o máa fi ìlọ́po ẹ̀ lu ara ẹ̀. Ká ní tìẹ ń lo 1.2V lórí 4.1 GHz tó ń jẹ 90W. Tó o bá gbé e lọ 1.4V lórí 5.0, 90 yẹn á sún mọ́ 150. Cooler ẹ ò yí padà, yàrá ẹ ò yí padà, ooru ti kọjá ìlọ́po kan àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ cooler tó ń lo afẹ́fẹ́ ò lè mú nǹkan tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fà wọlé lọ. Òyìnbó tó o wò yẹn, bóyá 22°C ni yàrá ẹ̀, tó bá rí 80°C á rẹ́rìn-ín músẹ́. Abẹ́ páànù tìẹ ní Kétu, lọ́sàn-án oṣù kẹta, 35°C kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ìyàtọ̀ 13 yẹn, fi gbogbo ẹ̀ kún nọ́ḿbà tiẹ̀, 80 di 93. Tó bá ti dé 100°C, 8600K fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ kó má bàa jóná, á wá lọ́ra ju bó ṣe wà kó o tó fọwọ́ kàn án lọ, ìyẹn ni pé o máa sanwó iná, o máa jìyà ooru, live ẹ á sì tún máa já. Ohun mìíràn tún wà nípa 8600K gan-an: ìpara lásán ni Intel fi sáàárín prósẹ́sọ̀ àti ìdérí irin tó wà lórí ẹ̀, wọn ò fi òjé jó o pọ̀ bí wọ́n ṣe ṣe 9600K, nítorí náà ooru ò tètè jáde nínú ẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣí ìdérí yẹn. Ìwọ má ṣí i, tó bá fọ́ kò sẹ́ni tó máa dá owó ẹ padà.

Kó o tó wọ BIOS rárá, ṣí àpótí yẹn. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ kan gbé tiẹ̀ wá bá mi, ó ní kí n bá òun fi 4.8 sí i. Mo yọ fáànù cooler, àárín àwọn ewé irin ẹ̀ ti dí pátápátá, eruku ti di bí òwú àràbà, mo fi ìka mú un, odidi ló fà yọ. Nígbà tí mo ká cooler kúrò, ìpara tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti gbẹ bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ewé, ó ń já wẹ́wẹ́. Mo fi búrọ́ṣì ọ̀dà tó mọ́ gbá eruku, mo fi alcool 90 tí wọ́n ń tà ní fáḿásì nu ìpara àtijọ́ títí irin fi ń dán, mo fi tuntun sí i láàárín, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, mo dè é padà, ìdè kan níhìn-ín, ìdè kan lọ́ọ̀ọ́kán, kó má bàa tẹ̀ sápá kan. 93°C ló wà kí n tó ṣí i, 77 ló di. Mi ò tíì tẹ nǹkan kan nínú BIOS. Tó o bá fẹ́ fi afẹ́fẹ́ fẹ̀ ẹ́, di fáànù mú kó má yí. Gbé àpótí kúrò nílẹ̀, fà á kúrò lára ògiri, kí fáànù iwájú máa fà wọlé, kí tẹ̀yìn máa tì jáde.

Wàyí o, overclock. Nígbà tó bá ń tàn, máa tẹ Suppr, ìyẹn lórí keyboard Faransé tí gbogbo wa ń lò, èyí tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Delete. Tan XMP, jáde, lò ó fún ọjọ́ kan gbáko láìfi nǹkan mìíì kún un, kó o lè mọ̀ pé RAM ò ní ẹ̀sùn. Padà wọlé. Wá ibi CPU Ratio, fi sí Sync All Cores, kọ 44. Nọ́ḿbà yìí ni wọ́n ń fi 100 MHz lù, 44 túmọ̀ sí 4400. Níbi Core Voltage, má fi sí Auto o, motherboard tó bá wà lórí Auto máa ń fún un ní fóltéèjì ju bó ṣe nílò lọ torí kò fẹ́ kó dákú, kọ 1.25V. Load-Line Calibration, tó ń dènà kí fóltéèjì já lulẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, fi sí àárín. Pamọ́, jáde. Ṣí HWiNFO kó o lè máa rí ìgbóná, wá fi Cinebench R23 ṣe ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ̀. Tó bá gbà á, lọ 45, tó bá tún gbà á, 46. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan ni kó o máa yí, tó o bá yí mẹ́ta pa pọ̀ tó sì kú, o ò ní mọ èyí tó pa á.

Ojú búlúù tó kọ WHEA tàbí CLOCK_WATCHDOG, fóltéèjì ló kéré. Kí géèmù kàn pa ara ẹ̀ dé láìsọ nǹkan kan, àmì kan náà ni. Tàbí kó o rí WHEA errors nínú HWiNFO bó tilẹ̀ dà bíi pé gbogbo nǹkan ń lọ, má gbójú fò ó o, torí irú ẹ̀ ló máa ń ba fáìlì jẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí Windows á fi kọ̀ láti tàn lọ́jọ́ kan. Kó fáìlì ẹ sí ibòmíì kó o tó bẹ̀rẹ̀. Fún yàrá tó ò ń gbé, mi ò fẹ́ kó o kọjá 1.30V, mi ò sì fẹ́ kó kọjá 85°C nínú Cinebench, inú géèmù á wá máa wà ní nǹkan bíi 70 sí 75. Ọ̀pọ̀ 8600K á dé 4.6 láàárín ìyẹn, àwọn kan á dé 4.7, méjì kì í dọ́gba, má bá ẹlòmíì du nọ́ḿbà. Tó o bá ti rí ibi tó dúró sí, máa yọ 0.01V díẹ̀díẹ̀ títí á fi ṣubú, kó o wá dá 0.02 padà. Iṣẹ́ sùúrù ni, ìrọ̀lẹ́ méjì lè lọ sí i, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti ń rí 5 sí 8°C gbà padà.

Tó bá kọ̀ tí ò tàn mọ́, má bẹ̀rù. Yọ okùn iná, yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà lára motherboard, dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, dá a padà, á gbàgbé gbogbo ohun tó o kọ sínú ẹ̀.

Ti iná ńkọ́? Kí kúráǹ lọ nígbà tó o bá ń ta géèmù ò fi bẹ́ẹ̀ pa prósẹ́sọ̀ lára. Ohun tó ń pa kọ̀ǹpútà nílẹ̀ wa ni kó lọ nígbà tó o bá ń ṣe mise à jour BIOS, torí náà láìsí onduleur má ṣe é, kódà tí ojú ọjọ́ bá dáa. Ohun tó tún ń pa á ni power supply tí ò lórúkọ. Wo ara tìẹ, tó bá jẹ́ èyí tó fúyẹ́ bíi páálí, tí ò ní àmì 80 Plus kankan lára, fi overclock sílẹ̀ títí o fi máa pààrọ̀ ẹ̀. Irú ẹ̀ kan bú gbàmù lórí tábìlì mi níbí, ó mú motherboard dání lọ, oníbàárà mi ò sì lówó tó máa fi ra òmíì. Mi ò gbàgbé ojú ọmọ yẹn.

Ẹlòmíì tó bá ń ka èyí tó jẹ́ Core i5-8400 tàbí 9400F ló ní, tiyín tì pa, ẹ má wulẹ̀ wá ibi Ratio, XMP àti NVENC ni kí ẹ mú, tó bá jẹ́ motherboard B360 ni ẹ sì fi gbé e, òun ò ní jẹ́ kí RAM kọjá 2666. Ẹni tó ní prósẹ́sọ̀ AMD Ryzen 5000 tí kò ní X3D nínú orúkọ ẹ̀, ẹ lo PBO, tó ń gbé e sáré fúnra ẹ̀, pẹ̀lú Curve Optimizer, tó ń dín fóltéèjì kù, ní ìyọkúrò 10 tàbí 15, ẹ má wulẹ̀ fi ọwọ́ de GHz mọ́lẹ̀.

Àbúrò, ohun kan kù. Ọ̀sán ni kó o ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn, láàárín aago méjì sí mẹ́rin nígbà tí páànù bá ń jó, kí ìlẹ̀kùn wà bó ṣe máa ń wà. Èyí tó bá yege lóru ọyẹ́ lè ṣubú tí oṣù kẹta bá dé, o ò sì ní rántí pé overclock ni. Tó bá gbà á lọ́sàn-án yẹn, fi fóònù ya ojú BIOS kọ̀ọ̀kan tó o yí, torí lọ́jọ́ tí CR2032 yẹn bá kú, gbogbo ẹ̀ á parẹ́. Àmọ́ fi àwòrán ìlà mẹ́ta inú Stats yẹn ránṣẹ́ sí mi ná, kó o tó kọ 44 síbikíbi.